Ẹyẹ Tí Baba Ògúnbíyìí Ní Àwọn Rí

Ajé, 12 Jánúárì 2026

Ọyẹ́ ọdún yìí ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi òrí pa ètè kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Fìdítì. Oníbàárà méjì ló wá láàárọ̀, fótò pélébé ni àwọn méjèèjì fẹ́, èkejì sì bi mí bóyá mo lè fi kọ̀ǹpútà dín imú òun kù. Mo ní imú bàbá rẹ̀ ni, kó lọ bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀sán ni Baba Ògúnbíyìí wọlé, wọ́n gun ọ̀kadà wá láti Ìlọrà tí èmi náà ń gbé. Mo rò pé fótò ni wọ́n fẹ́ yà, mo ti ń na aṣọ pupa tí mo máa ń ta sí ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Ìyá Fótò, kámẹ́rà rẹ yìí, ṣé ó lè mú igún?"

"Igún wo, Baba? Ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn?"

"Òwúrọ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Igi àràbà kan wà lẹ́yìn agbo ilé wọn ní Ìlọrà. Ẹbí fẹ́ tà á fún àwọn onípákó kí wọ́n lè fi tún òrùlé ilé ńlá ṣe. Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù Fẹ́búárì ni ìpàdé tí wọ́n máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí. Baba sọ fún wọn pé igún ń yé lórí igi náà, kí wọ́n má gé e. Wọ́n gbójú sókè, wọn ò rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni Ifátúndé, olórí ẹbí, ti ń sọ fún gbogbo ilé pé ojú Baba ti bà jẹ́, kí wọ́n mú Baba lọ yẹ ojú wò ní Ọ̀yọ́. Baba fi ọdún mẹ́fà ju Ifátúndé lọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ilé ló bí wọn, wọn ò lè jẹ olórí ẹbí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì lè borí tirẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi dọdẹ," wọ́n ní. "N ò purọ́ ẹran rí."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ọdẹ tí kò purọ́ ẹran rí, òun gan-an ló yẹ kí n yà ní fótò. Mo wo ojú wọn, mo gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń fi hàn lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ilé ti ń na ìka sí wọn báyìí pé kí wọ́n kà á.

Èmi náà, láti ìgbà tí mo wà ní pámárì ni n ò ti rí igún mọ́. Orí páànù ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Fìdítì ni wọ́n máa ń tò sí nígbà náà, àwa ọmọdé a sì máa sọ wọ́n lókùúta. Mo sọ fún Baba pé n óò wá ní Àbámẹ́ta.

Bàbá Dára, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ìyàwó tí mo ti yà láyé yìí, igún ló wá kàn. Tíṣà ni, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 17 Jánúárì

Mo jókòó sábẹ́ àràbà láti aago méje títí di ọ̀sán. Ewé ti rẹ̀ tán lórí igi náà. Baba ń na ọ̀pá sí oríta ẹ̀ka kan lókè réré. "Ó wà níbẹ̀ yẹn." Ohun tí mo rí kò ju ìdì igi gbígbẹ lọ. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ọrùn mi ti le. Kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi, nígbà tó di aago mọ́kànlá èmi náà ti ń ro ọ̀rọ̀ ojú Baba.

Lẹ́yìn náà ni òjìji kan gba orí ilẹ̀ kọjá níwájú wa. Mo gbójú sókè. Igún ni. Ó na apá méjèèjì gbọọrọ, kò jù wọ́n rárá, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ àárín àwọn ẹ̀ka. Ogójì ọdún ó lé tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọwọ́ mi ò rántí kámẹ́rà rárá.

N ò rí fótò kankan yà. Baba ò bínú. Èmi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu. "Ó ti di àwa méjì," wọ́n ní.

Ọjọ́rú, 21 Jánúárì

Fatihah ló gbà mí nímọ̀ràn. Ìfun àti ṣàkì ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí igún, kó gbé oúnjẹ igún kalẹ̀. "Ẹ má gbé e sábẹ́ igi o, Ìyá Fótò. Gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó lè rí i látòkè. Kí ẹ da epo lé e dáadáa, ọyẹ́ ò ní jẹ́ kó gbẹ." Ìfun ti wọ́n ju ti Kérésìmesì lọ. Ó ní òun ti dín in kù fún mi nítorí igún. Kò dín nǹkan kan kù.

Ẹtì, 23 Jánúárì

Mo gbé e kalẹ̀ ní kùtùkùtù kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó gbangba jù nítòsí àràbà ni ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo abọ́ rọ́bà mi, Baba ní àwọ̀ búlúù rẹ̀ máa lé ẹyẹ, mo bá lo ìṣaasùn ìyá mi tó ti sán létí. Mo to ìfun sí i, mo da epo pupa lé e. Mo wọ̀tún, mo wòsì, bóyá ajá wà nítòsí.

Bí mo ṣe ń nàró ni Díákónì Ayọ̀bámi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa gun ọ̀kadà kọjá. Mo kí wọn. Wọn ò dáhùn, ọ̀kadà náà sì sáré ju bó ṣe ń bọ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 24 Jánúárì

Mo ti rúbọ, n ò sì mọ̀.

Bàbá Dára jáde lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, ó padà wálé láìra búrẹ́dì. Ó ní kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gba oríta kọjá, ẹnìkan gbé ẹbọ síbẹ̀, ẹbọ tó lágbára. Mo ní ta ni ẹni náà. Ó ní wọ́n ń sọ pé obìnrin ni. Ìgbà náà ni mo tó ro ohun tí mo ṣe látòkè délẹ̀: oríta mẹ́ta, ìṣaasùn, ìfun, epo pupa, ìdájí. Ohun tó kù ò ju owó ẹyọ lọ. Bàbá Dára wo ojú mi, ó jókòó, ó ní, "Ìyá Dára, má sọ fún mi pé ìwọ ni."

Mo sáré lọ láti gbé e kúrò. Baba Ògúnbíyìí ní kí n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. "Àwa tí à ń bọ Ògún gan-an ń bi ara wa pé ta ló rú u. Ìyàwó mi ní ẹni tó rú u ò mọ ẹbọ rú rárá." Wọ́n wá ní kí n wo ibẹ̀ dáadáa. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí ọmọ tó ń sáré. Àwọn tó lájá pàápàá ti so ajá wọn mọ́lẹ̀ kó má baà lọ jẹ ẹbọ wálé. "Igún ò fẹ́ ariwo," wọ́n ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Àìkú, 25 Jánúárì

Wọn ò jẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lónìí. Díákónì Ayọ̀bámi ti sọ ohun tí wọ́n rí, àwọn àgbà ìjọ máa rí mi ní Ọjọ́rú. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ́ kíláàsì yẹn. Inú bí mi débi pé n ò bá wọn kọ orin kejì. Àwọn obìnrin tó máa ń há mi mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì fún mi láyè lónìí, àyè tó tó ènìyàn mẹ́ta.

Ajé, 26 Jánúárì

Ó wálẹ̀.

Mo ti fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé kan tí wọn ò tíì parí láti aago mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, ó bà sójú ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì, ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí ìṣaasùn mi. Orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ pọ́n, ìyẹ́ wínníwínní wà lẹ́yìn orí rẹ̀ bí fìlà ìkókó. Mo ti ya àwọn ìyàwó tó fi wákàtí mẹ́ta kun ojú tí wọn ò dúró fún mi tó báyìí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo yà. Ó jẹun tán, ó nu ẹnu mọ́ ilẹ̀, ó lọ.

Mo sáré lọ bá Baba, mo fi hàn wọ́n nínú kámẹ́rà. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ẹbọ rẹ ti fín, Morìnsọ́lá," ni wọ́n sọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ sétí Díákónì.

Ọjọ́rú, 28 Jánúárì

Àgbà ìjọ márùn-ún, èmi nìkan lódìkejì tábìlì. Díákónì Ayọ̀bámi ní, "Ìyá Dára, kí lẹ gbé sí oríta?" Mo ní ìfun màlúù ni. "Ẹ da epo lé e?" Mo da epo lé e. "Nínú ìkòkò amọ̀?" Mo ní ìṣaasùn ìyá mi ni. Bí mo ṣe ń dáhùn ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i. Mo bá gbé kámẹ́rà fún wọn.

Díákónì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n. "Níbo lèyí wà, Ìyá Dára? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ló máa ń jí wa láàárọ̀. Ẹsẹ̀ wọn lórí páànù." Wọn ò sọ̀rọ̀ mìíràn nípa ẹbọ mọ́. Wọ́n ní mo lè padà sí kíláàsì mi, ṣùgbọ́n tí ó bá tún di ọjọ́ mìíràn, kí n lo abọ́ rọ́bà.

Àìkú, 1 Fẹ́búárì

Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ mọ̀ bóyá igún náà gbàdúrà kó tó jẹun.

Baba mú fótò lọ fún Ifátúndé. Ifátúndé ní ẹyẹ tó ń kọjá lọ ló bà sílẹ̀ jẹun, ilẹ̀ ni òun rí nínú fótò, òun ò rí igi. Ó ká mi lára, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìtẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ yà, kí igi hàn, kí òrùlé ilé wọn sì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

Ibì kan ṣoṣo ló ga tó àràbà yẹn ní Ìlọrà, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ọwọ́ Díákónì Ayọ̀bámi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Mo ra ọsàn láti Fìdítì, mo lọ kí wọn nílé. Wọ́n ní àwọn máa ṣí i fún mi, ṣùgbọ́n àwọn máa bá mi gòkè. N ò mọ̀gbà tí ojú mi lọ sí ikùn wọn.

"Ẹ má wo ikùn mi, Ìyá Dára," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi gùn ún."

Rahmatullah tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó ti di ọ̀gá ní Ìbàdàn báyìí, yóò fi lẹ́ǹsì gígùn ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ o. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú.

Ìṣẹ́gun, 10 Fẹ́búárì

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Díákónì dúró sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì pè é ní àdúrà. Nígbà tí a dókè, ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan. Ogójì fótò eruku ni mo yà.

Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Òjò. Àkọ́rọ̀ ọdún yìí, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì wẹ gbogbo eruku ojú ọ̀run nù. Mo pe Díákónì lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti ń wá bàtà àwọn kí n tó pè.

Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

Mo ní ìgbéyàwó láti yà ní Fìdítì ní aago mẹ́wàá, nítorí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti gòkè. Ojú ọ̀run mọ́ roro. Mo gbé lẹ́ǹsì sórí ògiri, mo wá oríta ẹ̀ka náà, mo rí ìtẹ́, ìyá jókòó sínú rẹ̀. Mo dúró. Díákónì ń mí sí mi létí bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tí oòrùn bọ́ sórí igi, igún náà dìde, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí kékeré kan sì yọ.

Ọmọ ni. Ọmọ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ rí bí òwú tó ti dọ̀tí, orí rẹ̀ tóbi ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé, ó ń la ẹnu sí ìyá rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún, mo sì ń tẹ kámẹ́rà. Igi hàn, òrùlé hàn, ìyá hàn, ọmọ hàn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún Díákónì kí wọ́n wò ó.

"Ó burẹ́wà," wọ́n ní. "Olúwa, o ṣeun. Ó burẹ́wà gan-an."

Ìyàwó Fìdítì bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ibi àríyá. Mo ní ẹwà rẹ̀ ni.

Àìkú, 15 Fẹ́búárì

Ìjà díẹ̀ nílé. Bàbá Dára fẹ́ gbé ọmọ igún sórí Wáàtsáàpù rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Baba Ògúnbíyìí ti kìlọ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn tó ń wá orí igún fún oògùn lè ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ẹyọ kan. Mo ní ẹbí nìkan ló máa rí fótò yìí. Ó ní kí ni mo wá yà á fún tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Mo bá lọ gbé ìrẹsì kaná.

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fatihah di ìfun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ti ìyá ọlọ́mọ ni.

Ẹtì, 27 Fẹ́búárì

Mo tẹ fótò náà ní títóbi, mo fi sínú férémù aláwọ̀ wúrà tí mo máa ń fi ti ìyàwó sí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Baba fọwọ́ ra gíláàsì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ọ̀la ni wọ́n á mọ̀ pé mo ṣì ń ríran," wọ́n ní. Ẹ̀rù ń bà mí fún wọn.

Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹbí jókòó sí àgbàlá, wọ́n tó ogún. Onípákó méjì ti wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi wọn. Díákónì bá mi wá, wọ́n ní férémù náà wúwo fún obìnrin. Wọ́n gbé fótò yíká láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn obìnrin ilé ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ igún, mo sì rí i tí Baba na ẹ̀yìn ró lórí àga.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntúndé, ọmọ Ifátúndé tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá, ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Kò le rárá. Ẹ dúró." Ó ya àràbà náà láti orí ìjókòó rẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀ tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi gbé e sókè. Kìnnìún ló jókòó sórí àràbà, ó tóbi, ó rẹwà, òrùlé ilé wọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méje mi ṣe parí.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ya fótò, wọn ò pè mí lópùrọ́ rí. Mo wo Baba. Wọ́n ti ṣí fìlà lé orúnkún, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Díákónì ló dìde. "Mo fojú mi rí i."

Ifátúndé rẹ́rìn-ín. "Díákónì, ẹ̀yin lẹ ní obìnrin yìí rúbọ. Ẹ̀yin náà lẹ tún wá ń jẹ́rìí sí i?"

"Mo ṣì í mọ̀ nígbà yẹn. Àṣìṣe mi ni." Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ilé agogo. "Ẹ wá fojú ara yín wò ó."

Ifátúndé wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. "Ẹ ò ní rì mí bọmi níbẹ̀?"

"Kò sómi lókè," ni Díákónì wí.

Gbogbo wa la rìn la àárín ìlú kọjá, Ifátúndé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, Baba pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn onípákó náà tẹ̀ lé wa. Orúnkún Baba ò lè gun àtẹ̀gùn, wọ́n dúró sísàlẹ̀. Nígbà tí a dókè, mo tún lẹ́ǹsì tò, mo sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ifátúndé fojú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Ọ̀ṣuntúndé bẹ̀rẹ̀ sí fa aṣọ rẹ̀.

"Ó ń jẹun," ni Ifátúndé sọ níkẹyìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ìkókó ń sùn nítòsí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Orí rẹ̀ pá bíi tèmi." Ọ̀ṣuntúndé náà wò ó, ó fẹ́ yọ fóònù, bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa gbé e káàkiri. Ilé wa ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ilé wa ló fọwọ́ kàn."

A sọ̀ kalẹ̀. Baba nìkan dúró létí ògiri, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ifátúndé rìn lọ bá wọn, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan."

Baba ń fi ọ̀pá tọ́ ọ ní èjìká díẹ̀díẹ̀ pé kó dìde, kò dìde. Ọ̀kan nínú àwọn onípákó wá sún mọ́ wọn, ó bi Ifátúndé pé igi yẹn ńkọ́, ṣé kí àwọn máa dúró ni àbí kí àwọn máa lọ. Ifátúndé ò gbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n òun.